Orúkọ Tí Mọ́júbọ́lá Kò Lè Pè

Ìgbàkígbà tí Tísà Lucy bá ti pe orúkọ yẹn, orúnkún Mọ́júbọ́lá á tẹ̀.

"Ẹ tún un pè, gbogbo yín! Na-tha-niel!"

"Nathaniel!" Kíláàsì hó yèè.

Orúnkún tún tẹ̀. Mọ́júbọ́lá yára nà án padà, ó di etí bẹ́ǹṣì mú bí ẹni tí òòyì kọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ta ló rí i? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Láti ọjọ́ tó ti wọ kíláàsì yìí ni ojú rẹ̀ kò ti sinmi, tó ń wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń wo ẹni tó ń yínmú, tó ń wo ẹni tó fẹ́ béèrè ohun tí òun kò ní lè dáhùn.

Gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, lọ́sàn-án, bí iṣẹ́ bá ti dẹwọ́. Àwọn tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà ni akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mátírọ̀n ló pè wọ́n jọ lọ́jọ́ kan, ó ní ilé ìwòsàn fẹ́ kọ́ àwọn kan nínú wọn ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà ẹni tó bá yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ nìkan ló máa wọlé. Ẹni tí kò bá yege, kó di ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú.

Mọ́júbọ́lá kò fẹ́ di ìgbálẹ̀ mú mọ́. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ìwé mẹ́fà ló kà ní Arigidi kí bàbá rẹ̀ tó ní ó tó, ẹ̀rù sì máa ń bà á níwájú ẹnikẹ́ni tó bá ti mú bírò lọ́wọ́. Síbẹ̀, ohun kan wà tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè jà á níyàn: ọwọ́ òun dára lára aláìsàn. Òun ló tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ títí ìyá fi lọ, wọn kò sì rí egbò kankan lẹ́yìn ìyá náà. Lọ́jọ́ kan nílé ìwòsàn, obìnrin kan tó ń rọbí na ọwọ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mọ́júbọ́lá ti fi mọ́ọ̀pù ti ògiri, ó ti fẹ́ di ọwọ́ náà mú, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tí kò dàgbà tó àkọ́bí rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn." Ó kúrò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kó di iṣẹ́ òun.

Tísà Lucy ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kì í sì í fi ìwé gírámà kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní gírámà tí kò bá lórin nínú, etí kan ló ń gbà wọlé, èkejì ló ń gbà jáde. Ewì àtijọ́ kan tó ti kọ́ sórí láti ìgbà èwe rẹ̀ ló mú wá fún wọn, ewì òyìnbó kan tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló wà nínú ewì náà, tó ń ṣọ́ àtùpà ńlá létí òkun kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ àpáta:

Nathaniel climbs the winding stair,
Nathaniel lights the flame,
Nathaniel hears the sailors' prayer
And calls them each by name.

Bàbá náà ń gun àtẹ̀gùn tó lọ́ bí ìkarawun ìgbín, ó ń tan iná, ó ń gbọ́ àdúrà àwọn atukọ̀, ó sì ń pe olúkúlùkù wọn lórúkọ. Iṣẹ́ kíláàsì ni pé kí o mú ìlà kan, kí o sọ ọ́ bó ṣe wà, kí o wá sọ ọ́ bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀, bíi pé ọ̀la ló máa ṣẹlẹ̀, kí o fi béèrè ọ̀rọ̀, kí o sì sẹ́ ẹ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí i nìyẹn, bí ẹni ń yí ẹ̀kọ lórí iná, títí gírámà á fi dì.

"Mọ́júbọ́lá, ó kàn ọ́."

Ó dìde. "... climbs the winding stair."

"Ta ló ń gùn ún?"

Mọ́júbọ́lá wo ilẹ̀. Ó bọ́ sí ti àná. "... climbed the winding stair."

"Mo ní ta ni? Àbí àtẹ̀gùn ló ń gun ara rẹ̀ ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"He, mà," ni Mọ́júbọ́lá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò sí he níbẹ̀. Alhaji tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá dán yín wò fẹ́ gbọ́ ìlà náà pérépéré bí wọ́n ṣe kọ ọ́." Tísà Lucy rẹ ohùn sílẹ̀, àánú ṣe é. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ẹ̀yin ará Arigidi, ẹ ní èdè tiyín lọ́tọ̀, ahọ́n yín ni orúkọ yẹn kò bá mu. Máa pè é díẹ̀díẹ̀ nílé. Na. Tha. Niel."

Mọ́júbọ́lá mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jẹ́ kí ahọ́n ìlú rẹ̀ gba ẹ̀bi tí kò jẹ. Kí ni ahọ́n Arigidi ṣe? Ahọ́n yìí kan náà ló kọ́ Yorùbá lẹ́yìn tó délé ọkọ ní Ọ̀kà, tí àwọn ìyàwó ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ létí odò, kò sì ju ọdún díẹ̀ lọ tó fi ń bá wọn jà, tó ń borí wọn. Èdè kan kò pa á, òmíràn kò ní pa á. Ewì yìí, ó mọ̀ ọ́n láti òkè délẹ̀. Ó lè yí i sí àná àti ọ̀la bó ṣe ń din àkàrà lọ́wọ́. Orúkọ yẹn nìkan ni.

Nígbà tí kíláàsì tú, òun àti Habeebat jọ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Habeebat, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń fọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ìyá Ìbíyínká, ṣé làkúrègbé ti bẹ̀rẹ̀ ni? Mò ń wò ọ́ o. Gbogbo ìgbà tí Tísà bá ti ń pariwo ni ò ń ṣe báyìí." Ó tẹ orúnkún rẹ̀ lójú títì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ọlọ́kadà kan.

"Má pa ara rẹ o, Ìyá Munir."

"Dá mi lóhùn."

Mọ́júbọ́lá wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. "Orúkọ bàbá ọkọ mi ni."

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ̀ ń pariwo."

Habeebat dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan. "Yéè! Bàbá Ọ̀kà! Bàbá ni wọ́n ń lé gun òkè gun ilẹ̀ ní kíláàsì látọjọ́ yìí? Kí ló dé tí o kò sọ fún Tísà?"

"Kí n sọ ọ́, kó wá ní níwájú gbogbo yín pé ibí kọ́ ni ilé ọkọ mi, kí n pè é jàre? Bí mo bá pè é, mo ti rí bàbá ọkọ mi fín. Bí n kò bá pè é, mo ti gbó Tísà lẹ́nu. Ìwọ wo ọ̀nà."

Habeebat ronú. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi là. "Wò ó, pè é ní Suleiman."

"Ṣé kì í ṣe orúkọ bàbá ọkọ tìrẹ nìyẹn?"

"Hẹn-ẹn! Ìwọ lo máa pè é, èmi kọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé ẹnu mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò gbéra, tí ó ku Mọ́júbọ́lá àti ẹrù àwọn èrò tó ń lọ sí Ikun lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. Ìdánwò ti dé tán. Ẹni tí kò bá lè sọ ìlà kìíní, ta ni yóò gbọ́ ìkejì lẹ́nu rẹ̀?

Ní Ọ̀kà, Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Bàbá ti gbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ajá lọ. Mọ́júbọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó dá iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ewì rẹ̀ bó ṣe ń yí ọbẹ̀. "... lights the flame. ... lit the flame. ... will light the flame."

"Ìyàwó!"

"Bàbá!"

"Wá ná." Bàbá gbé òkúta ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ nínú iléèdáná yẹn. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ń gun òkè, mo gbọ́ pé ẹnìkan ń tan iná. Ta lẹni náà? N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí."

Mọ́júbọ́lá kúnlẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kẹ̀?"

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀: òyìnbó tó kọ ewì, arúgbó tó ń ṣọ́ àtùpà, Tísà, àti Alhaji tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ejìká Bàbá ń mì. Àṣé ẹ̀rín ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Òyìnbó wá rán mi níṣẹ́ létí òkun, èmi tí n kò dé ibi odò ńlá rí! Ó dára. Mo yọ̀ǹda fún ọ. Mo wà láàyè, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Pè mí."

Mọ́júbọ́lá la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún la ẹnu.

Kì í ṣe pé ó ń ṣe orí kunkun. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé yìí, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí kó tó wọlé, títí dé èyí tó ń rá, kò pe ọ̀kankan lórúkọ. Òun ló fún wọn lórúkọ ìyàwó: àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ga di Ọ̀pẹ-ò-bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí eyín rẹ̀ funfun di Ẹ̀rín-ń-pọ́jà. Pẹ̀lú Yorùbá tó ń ṣe gbọ́ngbọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà ló fi sọ wọ́n, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn di òní. Bàbá nìkan ni kò fún lórúkọ. Bàbá ni Bàbá.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹnu mi kò gbà á."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìwọ lo mọ bí o ṣe máa ṣe é nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ìyàwó. Ìyá ọkọ rẹ kú sí ọ lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo rí i. N kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀kà yìí pé orúkọ mi ni ìyàwó mi kọsẹ̀ lára rẹ̀ tí kò fi dé ibi tó ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti Tísà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji Badmus jókòó sẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó fi fìlà funfun bo orí. Mátírọ̀n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mọ́júbọ́lá dúró níwájú tábìlì. Ó fi ojú ṣọ́ wọn. Ó ṣọ́ bírò. Ó wá rí i pé Alhaji ń yún ọrùn, pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, èèyàn lásán sì ni. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Alhaji ní kó jókòó, ó bi í níbi tó ń gbé, ó bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mọ́júbọ́lá dáhùn, ó ń rọra gbé ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń rìn lórí òkúta inú odò. Kò jìn sí omi.

"Ó dára. Sọ ewì yẹn fún mi."

Mọ́júbọ́lá dìde. Ó pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn. Lójú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tó máa ṣe. Ta ló ní kí ìyàwó má fún èèyàn lórúkọ ní ilẹ̀ òyìnbó?

"Sir," ló bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tiro ṣùgbọ́n kò dúró, "ọkùnrin inú ewì yìí ń jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ yẹn nílé wa. N kò pè é lánàá, n kò ní pè é lọ́la. Mo ti fún un lórúkọ tèmi. Father Lamp ni mò ń pè é."

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá a dúró, ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Father Lamp climbs the winding stair. Father Lamp lights the flame..."

Ó ka ewì náà tán. Ó yí i sí àná. Ó yí i sí ọ̀la. Ó béèrè bóyá Father Lamp gun àtẹ̀gùn, ó sẹ́ pé Father Lamp kò gun nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ ń le sí i bó ti ń lọ, nígbà tó sì máa fi dé ibi tí bàbá náà ti ń pe àwọn atukọ̀, ó ti ń juwọ́ sí wọn lójú òkun.

Alhaji gbé bírò sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. "Ìyàwó mi náà kì í pe orúkọ bàbá mi," ló sọ. "Mo gba ewì rẹ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ ń rìn. Ṣùgbọ́n wò ó, Madam, ilé ìwòsàn nìyí. Wọ́n lè gbé ọkùnrin kan wá lọ́la tó ń jẹ́ Nathaniel. Wọ́n lè ní kí o jí i kó lo oògùn. Ṣé Father Lamp lo máa pè é? Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bá wá dá ọ lóhùn ńkọ́, tí o fún un ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀?"

Mátírọ̀n mirí. Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀.

Mọ́júbọ́lá kò ronú débẹ̀ rí. Àṣà dára, ó mọ̀ pé ó dára, ṣùgbọ́n ó rí ọkùnrin tí Alhaji ń sọ yẹn kedere lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ gbẹ, tí òun sì dúró tì í tí òun di ẹnu.

"Bó bá jẹ́ aláìsàn ni, sir, màá pè é," ló sọ. "Ẹni inú ewì yìí, ara rẹ̀ le. Ó ń gun àtẹ̀gùn."

Mátírọ̀n fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti mú un. Ṣùgbọ́n Alhaji kò tíì tán. Ó bọ́ fìlà, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó na ẹsẹ̀, ó sì di ojú.

"Èmi ni," ló sọ. "Èmi ni Nathaniel. Àkókò oògùn mi ti tó. Jí mi."

Mọ́júbọ́lá wo ọkùnrin tó di ojú náà. Ewú wà lórí rẹ̀ tí fìlà bò tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá ti na gbọọrọ báyìí tó di ojú, kò sí alhaji mọ́, kò sí olùdánwò mọ́. Ó yí tábìlì po lọ bá a. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò nà án padà. Ó jẹ́ kó tẹ̀ dé ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ọwọ́ lé ejìká Alhaji jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń gbé e lé ti ìyá ọkọ rẹ̀.

"Nathaniel, sir," ló pè é. Orúkọ náà jáde pérépéré. "Please wake up. It is time for your medicine."

Alhaji la ojú. Ó wò ó lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Thank you, Nurse," ló ní.

Mátírọ̀n kọ nǹkan sílẹ̀. Ó kọjú sí Mọ́júbọ́lá, Yorùbá ló fi bá a sọ ọ́ kó má baà sí àṣìgbọ́: "O ti wọlé, Màmá Ìbíyínká. Ọjọ́ Ajé, fi mọ́ọ̀pù sílẹ̀ kí o tó wá bá mi."

Habeebat ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti funfun. "Kí ni wọ́n bi ọ́? Ṣé ó le? Kí ni o ṣe níbẹ̀?"

"A fún bàbá kan ní oògùn," ni Mọ́júbọ́lá wí. "Wọlé. Èèyàn ni wọ́n."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Ọ̀kà, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Ayọ̀ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú ayọ̀ náà kọjá lára Bàbá wọlé láìsọ èyí tó kù.

"Wọ́n mú mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo pè yín. Mo pè yín lórúkọ gan-an."

Bàbá ju ẹ̀kùrọ́ kan sínú abọ́. "Nínú ewì yẹn?"

"Rárá o, Bàbá. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Wọ́n ní ara yín kò yá, kí n jí yín."

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀."

"Ṣé mo lo oògùn náà?"

"Ẹ lò ó, sir."

"Ara mi ti wá yá nìyẹn." Bàbá gbé òkúta rẹ̀, ó sì pa ẹ̀kùrọ́ tó kàn. "Lọ bọ́ aṣọ, Nọ́ọ̀sì. Ebi ń pa mí."